Ganvié: bẹ́ ẹ ṣe máa lọ kí àwọn ará orí omi tí wọn ò fi ní fi àkẹtẹ̀ bojú fún yín

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Èèyàn á jí ní Èkó, á gba bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, á dé Calavi nígbà tóòrùn ti mú gan-an, á háyà ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì, wọ́n á fi gbé e yí Ganvié, ìlú orí omi lórílẹ̀-èdè Benin, po fún wákàtí kan, á máa ya fótò lọ́tùn-ún lósì, àwọn ìyá tó wà nínú ọkọ̀ á sì máa fa àkẹtẹ̀ wọn wálẹ̀ kí wọ́n fi bojú. Tó bá di ọjọ́ kejì á gbé e sórí Instagram pé òun ti dé "Fẹ́nísì ti Áfíríkà", Fẹ́nísì ìlú orí omi tó wà ní Ítálì yẹn. Ẹ wá bi í kó sọ nǹkan kan péré tó mọ̀ nípa àwọn tó ń gbébẹ̀, á ní wọ́n kọ́lé sórí omi. Ìyẹn tó ti mọ̀ kó tó kúrò nílé!

Èmi náà lọ bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́. Ìyá kan tó ń ta ẹja fi àjẹ̀ bu omi sí wa lára, mo rò pé ó ń bá wa ṣeré ni, mo tún ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí mo rí i pé ojú ń ti atukọ̀ wa ni mo tó mọ̀ pé èébú ni. Ìgbà tí mo padà lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò, òdìkejì gbogbo ohun tá a ṣe nígbà àkọ́kọ́ ni mo sì ṣe. Òun ni mo kọ síbí. Mi ò ní sọ ìtàn ìlú náà o, torí ìtàn yẹn ní ẹni tó ni ín, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn tẹ́ ẹ bá dé Ìgbésẹ̀ 7.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò kẹ́ ẹ tó gbéra

- Ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí òru kan wà láàárín ẹ̀ tẹ́ ẹ máa sùn lórí omi. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ jẹ́ kó di ìgbà míì.
- Pásípọ́ọ̀tù tí ò tíì kú, àti yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà, òfin ECOWAS gbà wá láàyè títí dé 90 ọjọ́.
- Owó sẹ́fà ní wẹ́wẹ́: kọ́ìnì 100 àti 500, ìwé 1,000 àti 2,000. Ẹni tó bá na 10,000 sí ìyá tó ń ta ẹja nínú ọkọ̀, bí ẹni tí ò fẹ́ rà ló rí.
- Àkẹtẹ̀ tiyín, aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, bàtà tó rọrùn láti bọ́.
- Omi mímu tó máa tó yín, àpò tẹ́ ẹ máa kó ìdọ̀tí yín sí padà, tọ́ọ̀ṣì, òògùn ẹ̀fọn.
- Obì, àti ìgò sodabi kan. Ògógóró tiwọn nìyẹn, ẹmu ni wọ́n fi ń sè é, ẹ máa rí i rà ní Kútọnù.
- Ìwé kékeré àti bírò. Fóònù ò lè rọ́pò èyí, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi sílé: drone, súìtì tẹ́ ẹ fẹ́ pín fọ́mọdé, àti òkìríkà tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣàánú. Kútọnù lòkìríkà ti ń wọlé tọ̀ wá wá, ẹ wá fẹ́ rù ú padà fún wọn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tún ẹnu yín ṣe nílé

Tofinu làwọn èèyàn yìí ń pe ara wọn. Èdè wọn bá Ègùn àti Fọ̀n tan, ìdí nìyẹn táwa ará Èkó fi ń kó gbogbo wọn pọ̀ ká máa pè wọ́n ní Ègùn, ká sì tún jẹ́ olóòótọ́, ẹnu wa ò dáa lórí ọ̀rọ̀ Ègùn. Àwàdà tá a máa ń fi wọ́n ṣe ní Mákòkó, pé wọ́n dọ̀tí, pé wọn ò mọ̀ ju ẹja lọ, ẹ má gbé e dání débẹ̀.

Ibi táwọn èèyàn ti ń jìn sí kòtò nìyí: wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Irọ́ ni! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé Èkó rí, àwọn míì ní ẹbí ní Mákòkó àti Àgbádárìgì títí di báa ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àti pé Yorùbá pọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnù fúnra ẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ tí ẹnìkan ti ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé òórùn ibí yìí ò ní jẹ́ kóun jẹun, atukọ̀ tukọ̀ títí a fi dé èbúté, ó wá yíjú padà ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ lọ jẹun." Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹ̀.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ Fọ̀n díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbọ́ ọ. "A fọn ganji a?" ni ṣé ẹ jí dáadáa. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ kí yín bẹ́ẹ̀, ẹ dáhùn pé "Ẹẹn, un fọn ganji." "A wanu" ni ẹ ṣeun. "Kuabọ" ni ẹ káàbọ̀, kò tiẹ̀ jìnnà sí tiwa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé onílé, "Agoo", àgò náà ni. Ẹ fi Faransé díẹ̀ kún un tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, òun ni ìjọba wọn ń sọ, òun sì ni wọ́n fi ń kàwé nílé ìwé.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ kí ẹlòmíì nínú ilé yín láì wo ìwé, kó dáhùn, kẹ́yin náà dáhùn padà. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 2: Láti bọ́dà dé Calavi

Kò gba wàhálà púpọ̀. Ẹ gba sítám̀pù ìjáde lápá Nàìjíríà, kẹ́ ẹ gba ti ìwọlé lápá ọ̀hún. Àwọn ọmọ bọ́dà á ní kẹ́ ẹ wá gba ẹ̀yìn kọjá lórí ọ̀kadà, pé kíá ni, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹni tí ò ní sítám̀pù á máa sá kiri ni títí tó fi máa padà sílé. Láti bọ́dà sí Kútọnù, ọkọ̀ wà. Láti Kútọnù sí Calavi, ẹ lè wọ táksì tàbí zémidjan, àwọn ọlọ́kadà tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò yẹn. Ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó jókòó, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ má gbéra ní Èkó láàárọ̀ kẹ́ ẹ tún fẹ́ wọ omi lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sùn ní Calavi tàbí Kútọnù, kẹ́ ẹ lè wà létí omi ní aago méje àárọ̀. Ọjà orí omi àárọ̀ ló máa ń gbóná, oòrùn ọ̀sán lórí ọ̀sà ò sì mọ àlejò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan ọkọ̀ àti ẹni tó máa mú yín lọ

Èbúté wà ní Calavi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n ń gbà sì yàtọ̀ sí ara wọn, ó dá lórí bẹ́ ẹ ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì lẹ fẹ́ tàbí èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì. Ẹ béèrè iye tó wà lákọsílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ owó. Àwọn tó máa lé yín bá láti títì pé àwọn ní ọkọ̀ tó dín owó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ máa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Atukọ̀ yín ló máa pinnu bí gbogbo ìrìn yìí ṣe máa rí, ju ohunkóhun tẹ́yin lè ṣe lọ. Ẹ bi í ní nǹkan mẹ́rin: ṣé ọmọ Ganvié ni tàbí ará Calavi ni, ṣé ẹbí ẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó lè gbà wá sílé fún ọjọ́ kan, níbo ló fẹ́ ká dúró sí, ṣé láífú jákẹ́ẹ̀tì wà fún gbogbo wa. Tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ère àti àǹkárá nìkan ló ń kà sílẹ̀, kọmíṣọ́ọ̀nù ló ń wá. Kò burú, èèyàn gbọ́dọ̀ jẹun, àmọ́ kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ wá ṣe nìyẹn, ẹ wá ẹlòmíì.

Nípa ẹ́ńjìnì àti ọ̀pá: tẹ́ ẹ bá ń kánjú, ẹ gba ẹlẹ́ńjìnì débẹ̀, ó ń lọ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti wọ àárín ilé wọn ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Mo rẹ́rìn-ín ara mi bí mo ṣe kọ ìyẹn tán, ọ̀pá igi ni mo ní lọ́kàn o, kì í ṣe ọlọ́pàá tiwa.

Ẹ mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti yanjú tẹ́ ẹ bá lè kọ ọ́ sínú ìwé yín báyìí: orúkọ atukọ̀, iye owó gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ti gbígbé yín padà lọ́la, ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Tí ọ̀kan bá ṣófo, ẹ má tíì wọ ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ ìlànà ọ̀nà, torí títì wọn ni omi yẹn

Ọ̀sà Nokoué tí Ganvié wà lórí ẹ̀ ò jìn, lọ́pọ̀ ibi, mítà kan sí méjì péré ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi ń kan ilẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ lè rí igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gún mọ́ omi, wọ́n pọ̀ bí ìgbẹ́, àlejò á rò pé igi tó kú sínú omi ni. Akaja nìyẹn. Wọ́n á gún ẹ̀ka igi mọ́ inú ẹrẹ̀, ewédò á hù sí i lára, ẹja á wá máa jẹ ẹ́, á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé, tó bá di oṣù mélòó kan ẹni tó ni ín á fi àwọ̀n yí i ká, á hú igi kúrò nínú ẹ̀, á sì kó ẹja. Oko ni! Gbogbo ẹ̀ ló ní ẹni tó ni ín, èyí tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá sì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá di igi kan mú kó fi dá ọkọ̀ dúró, tàbí tó ní kí atukọ̀ gba àárín ẹ̀ kọjá kóun lè rí fótò tó dáa, kò yàtọ̀ sí ẹni tó rìn lórí ebè olóko. Bí wọ́n bá bú yín níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ wá a.

Èkejì ni ìgbì. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tó bá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kékeré á fi omi kún inú ẹ̀, inú ọkọ̀ kékeré yẹn sì lọjà ìyá kan wà, tàbí ọmọ ọdún méje tó ń tukọ̀ lọ sílé ìwé. Ẹ sọ fún atukọ̀ ṣáájú pé kó dín eré kù tó bá ti ń sún mọ́ ilé, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé àlejò ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má dìde dúró nínú ọkọ̀, ẹ má fi ọwọ́ sínú omi, ẹ má sọ náílọ́ọ̀nù kankan sínú ẹ̀, bẹ́ ẹ tiẹ̀ rí i pé ti ẹlòmíì ń léfòó níbẹ̀.

Ohun kan tó máa wúlò fún yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹja: omi yẹn kì í wà bákan náà láàárín ọdún. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba ojú ọ̀nà tó wà ní Kútọnù wọlé, ọ̀sà á níyọ̀. Tó bá di bí oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, omi odò Ouémé àti odò Sô á ya wọlé, iyọ̀ á kúrò, omi á gòkè sún mọ́ ilẹ̀ ilé wọn. Ẹja tó wà nínú àwọ̀n á yí padà pẹ̀lú ẹ̀. Nítorí náà "ẹja wo lẹ máa ń pa?" kì í ṣe ìbéèrè, "ẹja wo ló wà nínú omi lóṣù yìí?" ni ìbéèrè, ẹ máa rí bí ojú wọn ṣe máa yí padà sí yín.

Ẹ wo ọkọ̀ kékeré tẹ́ ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tẹ́ni tó wà nínú ẹ̀ bá ń di etí ọkọ̀ mú, eré yín ṣì pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ 5: Kíkí ló ṣáájú

Ẹ má kọ́kọ́ lọ sọ́jà. Ẹ ní kí atukọ̀ mú yín lọ sọ́dọ̀ àgbà àdúgbò tẹ́ ẹ máa sùn sí, ẹ kí i, kẹ́ ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ibi tẹ́ ẹ ti wá, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò. Agoo kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn, bàtà yín kó wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi obì àti sodabi lé atukọ̀ lọ́wọ́ kó bá yín fún wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yẹ, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fún wọn fúnra yín, ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ méjèèjì, kò sẹ́ni tó yẹ kó kọ́ Yorùbá níyẹn.

Wọ́n máa gbé omi fún yín. Àṣìṣe ńlá wà níbí: àlejò á ní "rárá, mo ní bọ́tù omi tèmi." Omi yẹn kì í ṣe ti òùngbẹ, ìkíni káàbọ̀ ni. Ẹ gbà á, ẹ fi kan ètè, ẹ dúpẹ́, ẹ dá a padà. Tí inú yín ò bá le, kò sẹ́ni tó máa wo ọ̀fun yín. Tí bàbá bá ta díẹ̀ nínú sodabi sílẹ̀ tó ń dárúkọ àwọn tó ti lọ, ẹ dákẹ́, kí fóònù wà nínú àpò.

Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí màrìwò tí wọ́n so kọ́, ìtumọ̀ kan náà ló ní lọ́dọ̀ tiwọn àti lọ́dọ̀ tiwa, ẹ má wọlé, ẹ má nàka, ẹ má yà á. Ṣọ́ọ̀ṣì Sẹ̀lẹ́ náà wà lágbègbè ọ̀sà yẹn, ṣebí Àjàṣẹ́ ni Oshoffa ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1947, tí wọ́n bá pè yín sí ìsìn ọjọ́ Sunday, ẹ bọ́ bàtà bíi tàwọn tó ní in, ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá fi yín sí. Ẹlòmíì á wá máa bi wọ́n pé Vodun, ìyẹn ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, àti ṣọ́ọ̀ṣì, èwo gan-an ni wọ́n ń ṣe. Ẹ lọ bi àdúgbò tiyín ná.

Tí wọ́n bá ti bi yín ní orúkọ bàbá yín tàbí iye ọmọ tẹ́ ẹ ní, kíkí ti wọlé. Tó bá jẹ́ "ẹ ń lọ báyìí?" lẹ gbọ́, ẹ kánjú jù.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀rọ̀ fótò

Èyí ló ń ba gbogbo nǹkan jẹ́, ẹ jẹ́ n lò ó pẹ́ díẹ̀.

Mo bi ìyá kan, lẹ́yìn tá a ti jọ jókòó fún wákàtí mélòó kan, pé kí ló dé tí wọ́n fi ń bojú. Ó ní ṣé tí òun bá wá sí ọjà yín ní Èkó, tí òun gun orí mọ́tò, tí òun wá ń ya ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọn òógùn nídìí ọjà yín, tí òun ò kí yín, tí òun ò ra nǹkan kan, ṣé ẹ máa rẹ́rìn-ín sí òun? Mi ò rí èsì fọ̀. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ àlejò ń kọjá níwájú ilé wọn, kò sì sẹ́ni tó padà wá fi fótò hàn wọ́n rí.

Nítorí náà, fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, ẹ pa fóònù tì. Ẹ máa fojú wò. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, tó bá wá tún gbé fóònù dí ojú ọ̀hún, ó tán nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya ẹnìkan, ẹ kí i, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ béèrè. Kí atukọ̀ bá yín béèrè lédè wọn, kẹ́yin fúnra yín náà gbé fóònù hàn án kẹ́ ẹ fi ojú béèrè. Tó bá mi orí, ó ti tán, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Tó bá gbà, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fi hàn án, tí kò bá fẹ́ràn ẹ̀, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé.

Tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun lówó ńkọ́? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ dípò kẹ́ ẹ san owó fótò. Àwọn kan á ní kò sí ìyàtọ̀, mo gbà pé ìyàtọ̀ wà, torí ọjà ló ń tà, kì í ṣe ojú ẹ̀.

Ohun tẹ́ ò gbọ́dọ̀ yà rárá: ẹni tó ń wẹ̀, ọmọdé tí òbí ẹ̀ ò sí nítòsí, ojúbọ, ìsìnkú, ẹni tó ti fi àkẹtẹ̀ bojú. Zoom láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ọgbọ́n, wọ́n ń rí yín.

Lálẹ́, ẹ ṣí fóònù, ẹ ka fótò tí èèyàn wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wo iye èyí tẹ́ ẹ mọ orúkọ onítọ̀hún. Èyí tẹ́ ò bá mọ orúkọ ẹ̀, ẹ pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ sùn síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo

Ilé àlejò kéékèèké wà lórí òpó níbẹ̀, kò sí ohun afẹ́ kankan. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀dì, ó parí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé bí ilé ìyàgbẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ béèrè bí àgbàlagbà láì run ojú.

Kí nìdí tí mo fi tẹnu mọ́ sísùn? Torí pé Ganvié tí àlejò ọ̀sán ń rí kì í ṣe òun gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn bá ti gbé àwọn àlejò padà sí Calavi ni ìlú tó mí. Ẹ máa gbọ́ rédíò láti ilé sí ilé, ẹ máa rí àwọn tó ń kó kẹ́ẹ̀gì lọ pọnmi nínú ọkọ̀, torí omi yí wọn ká àmọ́ ti mímu gbọ́dọ̀ wá látinú ẹ̀rọ. Ní ìdájí, ọkùnrin ti jáde lọ wo àwọ̀n. Tó bá fi máa di àárọ̀, obìnrin ti gba ẹja, ti ń tò ó sórí ààrò yíyan tàbí kó ti máa gbé e lọ sọ́jà. Ọkùnrin ń pa á, obìnrin ń tà á, ọ̀rọ̀ bí owó ẹ̀ ṣe ń lọ láàárín ọkọ àti ìyàwó nìkan tó kẹ́ ẹ fi jókòó di ọ̀sán.

Ẹ mú iṣẹ́ kan. Títún àwọ̀n ṣe, títo ẹja sórí ààrò, tàbí títukọ̀. Ẹ ní kí atukọ̀ bá yín bẹ ẹnìkan kó kọ́ yín fún àárọ̀ kan, ẹ sì dá owó ọjọ́ kan fún un, torí àkókò iṣẹ́ ẹ̀ lẹ gbà. Ẹ má mú mẹ́ta pọ̀ o. Èmi mú àwọ̀n, wákàtí mẹ́rin ni mo fi tún ojú àwọ̀n mọ́kànlá ṣe, bàbá tú méje nínú ẹ̀, àwọn ọmọ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọwọ́ tó dí máa ń jẹ́ kí ẹnu yọ̀.

Ibẹ̀ lẹ ti lè béèrè ìtàn. Ẹ má béèrè pé "kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gbé orí omi?", bí ẹni tó ń bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ ò gbọ́n. Ẹ béèrè pé "kí ni wọ́n sọ fún yín pé Ganvié túmọ̀ sí?" Wọ́n á sọ fún yín pé ó dá lórí àwọn tó bọ́ nínú ewu, wọ́n á sọ bí àwọn baba wọn ṣe sá fún àwọn ọmọ ogun tó ń kó èèyàn lẹ́rú. Tí ẹ bá gbọ́ orúkọ Dàhòmì níbẹ̀, ẹ̀yin náà ní ìtàn tẹ́ ẹ lè fi san án padà, ẹ sọ fún wọn bí Dàhòmì ṣe wá bá Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Mo sọ ọ́, bàbá gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ kí ìyàwó òun gbọ́.

Tí ẹlòmíì bá sọ ọ́ lọ́nà míì lọ́la, ẹ má gbìyànjú láti ṣèdájọ́. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ìwé lẹ máa lò, torí bí fóònù tó ń gbohùn sílẹ̀ bá ti yọ, ọ̀rọ̀ ilé á di ọ̀rọ̀ rédíò. Ẹ tún ka ohun tẹ́ ẹ kọ sí ẹni tó sọ ọ́ létí kó bá yín tún un ṣe. Tí kò bá rí nǹkan kan tún ṣe, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, ẹ tún béèrè lọ́nà míì.

Ìgbésẹ̀ 8: Owó àti àwọn ọmọdé

Àwọn ọmọ á tukọ̀ bá yín, wọ́n á máa pariwo "cadeau, cadeau!", ẹ̀bùn ni wọ́n ń sọ lédè Faransé. Ẹ má ju kọ́ìnì sínú ọkọ̀ wọn. Mo mọ̀ pé àánú ń ṣe yín. Àmọ́ ọmọ tó bá rí 500 lọ́wọ́ àlejò láàárọ̀ kò ní lọ sílé ìwé lọ́sàn-án, àti pé ojú omi tí wọ́n ti ń du kọ́ìnì ni ọkọ̀ ti ń dojú dé. Ẹ kí wọn, ẹ béèrè orúkọ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín ní kíkà ení èjì lédè wọn, inú wọn máa ń dùn sí i ju súìtì lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́, ẹ bi àgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí. Ẹ jẹun lọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà nínú ọkọ̀, ẹ ra ẹja yíyan gbé lọ sílé. Ẹ lè nájà o, ọjà ni, kò sí Yorùbá tó máa ra nǹkan láì ná an, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ná an lẹ́ẹ̀mejì tó kọ̀, ẹ sanwó.

Ìgbésẹ̀ 9: Bẹ́ ẹ bá ń lọ

Ẹ padà lọ dágbére fún àgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fo èyí, wọ́n ti ń ronú bọ́dà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Tẹ́ ẹ bá sì ń wá ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ, "o dabọ" ni, òun náà ni Fọ̀n ń sọ.

Nílé, kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan sórí ayélujára, ẹ yọ fótò tó fi inú ilé ẹnìkan hàn tàbí ti ọmọdé, ẹ fi orúkọ ìlú àti orúkọ àwọn èèyàn náà sí i bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn, kẹ́ ẹ sì fi "Fẹ́nísì" sílẹ̀ fún àwọn ará Ítálì. Lẹ́yìn náà ẹ lọ fọ fótò àwọn tẹ́ ẹ yà, lórí bébà o, kì í ṣe lórí WhatsApp nìkan, ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi rán ẹnìkan tó ń lọ Kútọnù kó gbé e fún atukọ̀ yín ní èbúté Calavi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo fi tèmi ránṣẹ́, atukọ̀ pè mí. Ó ní ìyàwó bàbá aláwọ̀n yẹn ti gbé tiẹ̀ kọ́ sára ògiri, pé ó ní ìgbà wo ni mo ń bọ̀ wá tún àwọ̀n yòókù ṣe.